Kòkòrò dúdú tíntìntín lórí ilẹ̀ ata mi: ẹ bá mi mọ ohun tó jẹ́

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ (Ìbàdàn)
Ẹ kú ọjọ́ òjò o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo nǹkan kan. Ẹ̀yìnkùlé ilé wa ni mo ti ń gbin ata rodo àti tòmátì. Inú ọ̀rá dúdú àti àwo ike ni mo máa ń kọ́kọ́ fọ́n irúgbìn sí kí n tó tú wọn lọ sórí ebè. Lọ́tẹ̀ yìí, ìgbẹ́ adìẹ àti èérún igi tí mo kó ní ilé ìlagi ni mo pò mọ́ ilẹ̀.

Láti ìgbà tí òjò ti ń rọ̀ léraléra ni mo ti ń rí kòkòrò dúdú kan tó kéré ju ẹ̀fọn lọ. Bí mo bá bu omi sí ilẹ̀, wọ́n á fò sókè díẹ̀, wọ́n á tún balẹ̀. Wọn kì í fò jìnnà. Àwọn mìíràn kì í tiẹ̀ fò, wọ́n á kàn máa sáré kiri lórí ilẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á wá máa fò yí ojú ẹni ká, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹni.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ewé àwọn ọmọ ata kan ti ń di pupa rúsúrúsú, àwọn tòmátì kan sì ń ṣubú lulẹ̀ mọ́jú. Ìyá tó múlé tì wá ní ẹ̀fọn ni. Ọkọ mi ní kantíkantí ni. Ẹni tó ń ta oògùn oko lọ́jà ní eṣinṣin funfun ni, ó sì fẹ́ ta DDVP fún mi. Mi ò tíì ra nǹkan kan. Mo fẹ́ mọ ohun tí mò ń bá jà ná.

Àgbẹ̀ Oko-Ilé
Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa. Inú mi dùn pé ẹ ò tíì ra oògùn yẹn. Ẹ má rà á rárá fún ohun tí ẹ máa jẹ, nínú ọgbà tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré. Ní 2019 ni NAFDAC ní kí wọ́n dẹ́kun títa ìgò kékeré rẹ̀ káàkiri ìsọ̀ àti súpámákẹ́ẹ̀tì nítorí ewu tó wà nínú rẹ̀.

Kí àwa náà tó máa méfò, ẹ bá wa mú díẹ̀ nínú wọn. Láàárọ̀ kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú, ẹ da ife ike tó mọ́ gaara bo ilẹ̀ inú ọ̀rá kan. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ á gòkè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ ti ìwé funfun bọ abẹ́ ife náà, kí ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sínú fíríìsà fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Wọn ò ní lè fò mọ́. Ẹ wá gbọ̀n wọ́n sórí ìwé funfun níta gbangba, kí ẹ fi fóònù yà wọ́n. Bí ẹ bá ní díńgí tó ń sọ nǹkan di ńlá, ẹ gbé e síwájú kámẹ́rà fóònù náà. Fọ́tò kòkòrò tó ń fò lọ́wọ́ kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ẹ wo ìwo orí rẹ̀ dáadáa, bóyá ó gùn tàbí ó kúrú. Kí ẹ sì ṣọ́ ibi tó máa ń bà sí jù, bóyá ilẹ̀ ni tàbí abẹ́ ewé.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kòkòrò (Ifẹ̀)
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ìmọ̀ nípa kòkòrò ni mò ń kọ́ ní yunifásítì. Bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ yìí, Sciaridae ni ọkàn mi kọ́kọ́ lọ sí, àwọn eṣinṣin kéékèèké tí ọmọ wọn ń gbé inú ilẹ̀ tútù, tí wọ́n ń jẹ olú àti ohun tó ń jẹrà. Fungus gnat ni wọ́n máa ń kọ sára oògùn wọn. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú ìkòkò òdòdó àti nọ́sìrì káàkiri ayé ni irú tí à ń pè ní Bradysia. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì gbà mí gbọ́ títí ẹ ó fi fojú ara yín rí àwọn àmì rẹ̀.

Gígùn rẹ̀ kò ju mìlímítà 2 sí 4 lọ. Ó dúdú, tàbí kó ní àwọ̀ eérú. Ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn. Ìwo méjì orí rẹ̀ gùn, wọ́n sì ní oríkèé 16 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyẹ́ rẹ̀ kò ní tótòtó kankan. Bí ẹ bá fi díńgí wò ó, ẹ ó rí iṣan kan láàárín ìyẹ́ náà tó lọ tààrà kó tó pín sí méjì bíi lẹ́tà Y. Iṣan yẹn ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù lára àgbà rẹ̀.

Ẹ̀fọn ní ẹnu gígùn tó fi ń gún ara, inú omi tó dá rogún ló sì ń bímọ sí, kì í ṣe inú ilẹ̀. Ti kantíkantí, ẹ wo ojú rẹ̀: èyí tó máa ń yí agbè ẹmu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ jù ká pọ́n lójú, ara rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ó sanra, ìwo rẹ̀ sì kúrú. Bí ẹ bá gbé fínígà díẹ̀ sínú ife síbẹ̀, kantíkantí á wọ inú rẹ̀. Èyí tó ń gbé inú ilẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ bìkítà fún fínígà.

Eṣinṣin funfun ń kọ́? Kì í ṣe ìbátan eṣinṣin rárá. Ìyẹ́ mẹ́rin ló ní, wọ́n sì funfun bí ìyẹ̀fun. Abẹ́ ewé ló ń gbé, tó ń fa omi ara ewé mu. Ẹ kàn fọwọ́ gbọn ewé náà, wọ́n á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Òun ló ń gbé àrùn tó ń ká ewé ẹ̀gẹ́ jọ láti oko dé oko.

Ọ̀kan wà tó máa ń tan àwọn tó mọ̀ nípa kòkòrò pàápàá. Shore fly ni wọ́n ń pè é, Scatella sì ni irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù. Ilẹ̀ tútù kan náà ló ń bà sí, òun náà dúdú, òun náà kéré. Àmọ́ ara rẹ̀ ki, ìwo rẹ̀ kúrú gan-an, ìyẹ́ rẹ̀ ní àwọ̀ eérú pẹ̀lú tótòtó funfun bíi márùn-ún. Oúnjẹ tirẹ̀ ni ohun aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀, tó máa ń hù lórí ilẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ìkòkò tí kì í gbẹ. Kì í jẹ gbòǹgbò. Bí ó bá jẹ́ òun lẹ rí, ẹ kàn ha ohun tó ń yọ̀ yẹn dànù.

Ẹ wá ìdin rẹ̀ náà, mà, torí ìdin kì í purọ́. Ìdin Sciaridae funfun, ara rẹ̀ mọ́ débi pé ẹ lè rí oúnjẹ nínú ikùn rẹ̀. Kò lẹ́sẹ̀. Kì í gùn ju bíi mìlímítà 6 lọ, orí rẹ̀ sì dúdú kirikiri, ó ń dán. Ìdin Scatella kò ní orí tó hàn bẹ́ẹ̀. Láti rí i, ẹ gé pòtétò tútù, ẹ tẹ ojú tí ẹ gé náà mọ́ ilẹ̀, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ ṣí i, ẹ wo abẹ́ rẹ̀ àti ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Olólú Ìjẹ̀bú
Gbogbo ohun tí ọmọ wa sọ yìí ni mo fọwọ́ sí. Olú oyster ni mò ń gbìn nínú ọ̀rá èérún igi, kòkòrò yìí sì ni ọ̀tá wa àgbà. Òórùn òwú funfun tí olú máa ń ta sínú èérún igi kí orí rẹ̀ tó yọ ló ń pè wọ́n wá. Wọ́n á yé síbẹ̀, ìdin á sì jẹ òwú náà títí ọ̀rá yẹn ò fi ní so nǹkan kan.

Nítorí náà, ìyá wa, ẹ walẹ̀ inú ọ̀rá yín wò. Bí ẹ bá rí òwú funfun lára èérún igi yẹn, ẹ ti rí oúnjẹ wọn nìyẹn. Èérún igi tí kò tíì jẹrà tán àti ìgbẹ́ adìẹ tí kò tíì rọ̀, pẹ̀lú òjò tó ń dà lé wọn lórí, kò sí ibi tó tún lè wù wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìgbésí ayé wọn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ owó nù. Abo kan lè yé ẹyin 100 sí 200. Bí ooru bá wà ní bíi 24°C, ẹyin á pa ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta, ìdin á jẹun fún bí ọjọ́ mẹ́wàá, á wá sùn nínú èèpo rẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́rin kó tó yọ ìyẹ́. Àgbà tí ẹ ń rí yẹn kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ kan lọ láyé. Ẹni tó bá wá fín oògùn sí àwọn tó ń fò, ó pa àwọn tó ti ń kú lọ tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń jẹ gbòǹgbò ṣì wà nísàlẹ̀.

Àwọ̀n ẹ̀fọn kì í dá wọn dúró o, ihò rẹ̀ ti tóbi jù. Àwọ̀n tí ihò rẹ̀ kéré gan-an la fi ń ṣe ilẹ̀kùn ilé olú wa. Ní alẹ́ a tún máa ń tan iná kan, a ó gbé abọ́ omi ọṣẹ sábẹ́ rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ máa ń fà wọ́n, wọ́n á já sínú omi náà.

Ọmọ Èkìtì ní Lọ́ńdọ́nù
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Níbí, inú ilé la ti ń bá tiwa jà. Ewúro àti ẹ̀fínrín ni mo gbìn sínú ìkòkò lójú fèrèsé, torí òtútù ò jẹ́ kí wọ́n gbé ìta. Nígbà òtútù, tí a bá ti fèrèsé pa tí ilẹ̀ ìkòkò ò sì gbẹ bọ̀rọ̀, ni wọ́n máa ń yọ. Ìgbà mìíràn sì rèé, inú àpò ilẹ̀ tí a rà ní ìsọ̀ ni ẹyin wọn ti wà, pàápàá àpò tó ti ya tí wọ́n gbé sí ìta.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù kò náni ní kọ́bọ̀: mo dín omi kù. Mo máa ń ti ìka bọ ilẹ̀. Bí ó bá ṣì tutù lókè, mi ò ní bomi rin ín. Nígbà tí omi bá yẹ, mo ń gbé ìkòkò náà sínú abọ́ omi kí ó fà á láti ìsàlẹ̀, n ó sì gbé e kúrò nígbà tó bá ti mu tán. Ẹyin àti ìdin kéékèèké kì í lè gbé níbi tí sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta òkè ilẹ̀ bá ti gbẹ. Ewúro kò kọ̀ ọ́ rárá. Ẹ̀fínrín nìkan ni ẹ ní láti máa ṣọ́ kó má baà rọ.

Mo tún ń lo páálí aláwọ̀ ìyeyè tó ní gọ́ọ̀mù. Ẹ lè fi ike ìyeyè tí ẹ fi gíríìsì pa ṣe é nílé. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ nítòsí ilẹ̀, torí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń gbéra. Ohun tí páálí yìí wà fún ni kí ẹ mọ̀ bóyá wọ́n ń pọ̀ sí i tàbí wọ́n ń dín kù. Òun nìkan ò lè lé wọn tán.

A tún ń rí àwọn aràn tíntìntín kan rà níbí, Steinernema feltiae, tí ojú lásán ò lè rí. Wọ́n á pò wọ́n mọ́ omi, wọ́n á dà á sí ilẹ̀, àwọn aràn náà á wọ ara ìdin lọ pa á. Wọn kì í ṣiṣẹ́ dáadáa bí ilẹ̀ bá tutù ju 10°C lọ, wọn kò sì fẹ́ràn ooru líle.

Bàbá Aláta
Ẹ kú ìjíròrò. Láyé tiwa, eérú la máa ń gbọ̀n sí i. Ẹ gbọn eérú ààrò sórí ilẹ̀ náà, ẹ ó rí i pé wọ́n á lọ.

Àgbẹ̀ Oko-Ilé
Bàbá, ẹ ṣé o. Òótọ́ ni pé eérú máa ń gbẹ ojú ilẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni òjò: bó bá ti rin eérú, agbára tó fi ń gbẹ ilẹ̀ ti lọ, iyọ̀ inú rẹ̀ á wọlẹ̀ lọ bá gbòǹgbò ọmọ ata tí kò tíì le. Lórí ebè ńlá, mi ò ní jiyàn. Nínú ọ̀rá kékeré, yanrìn odò tó le ni mo fara mọ́, kí ẹ da bíi sẹ̀ǹtímítà kan lé ilẹ̀ lórí. Omi máa ń gba inú yanrìn kọjá kíákíá, òkè rẹ̀ á gbẹ, kòkòrò ò sì ní rí ibi tútù yé sí.

Bàbá Aláta
Mo gbọ́. Eérú igi gidi ni mo ń sọ, kì í ṣe eérú ààtàn, díẹ̀ ni a sì ń fọwọ́ gbọ̀n. Ó ṣiṣẹ́ fún wa. Ṣùgbọ́n mi ò rí ohun tó burú nínú yanrìn náà.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ (Ìbàdàn)
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀ bí ẹ ṣe wí. Ọmọbìnrin mi ló bá mi ya fọ́tò. Ìwo orí rẹ̀ gùn, ìyẹ́ rẹ̀ ò ní tótòtó, a sì rí Y náà kedere. Abẹ́ pòtétò yẹn, ìdin funfun olórí dúdú ló kún ibẹ̀. Òwú funfun náà wà lára èérún igi.

Àmọ́ nígbà tí mo gbọn ewé tòmátì wò, àwọn kan tó funfun náà tú jáde lábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó sì ṣubú lulẹ̀, ìdí igi wọn ti tẹ́ẹ́rẹ́, ó ti dúdú níbi tó ti kan ilẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kòkòrò (Ifẹ̀)
Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọ̀ràn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ ní, ó sì yẹ kí á yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ti ilẹ̀ ti dájú: Sciaridae ni. Ti abẹ́ ewé tòmátì náà, eṣinṣin funfun ni lóòótọ́, ẹni tó ń ta oògùn yẹn mọ ọ̀kan nínú wọn. Omi ọṣẹ fẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ fín sí abẹ́ ewé nírọ̀lẹ́ fún un, kí ẹ sì máa tún un ṣe. Yanrìn àti dídín omi kù kò kàn án.

Èyí tó ń ṣubú ló ká mi lára jù. Ìdí igi tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì dúdú bẹ́ẹ̀, àrùn inú ilẹ̀ tútù ni, irú èyí tí Pythium àti Rhizoctonia, àwọn ohun tíntìntín bí olú tó ń gbé inú ilẹ̀, máa ń fà. Ìdin lè fi ẹnu dá ọgbẹ́ sí ara gbòǹgbò kí àrùn rí ọ̀nà wọlé, ó sì lè gbé e kiri, ṣùgbọ́n àrùn náà lè wá láìsí ìdin kankan. Ẹ fa ọmọ ata kan tó pọ́n lójú ewé àmọ́ tó ṣì dúró. Ẹ fọ gbòǹgbò rẹ̀ nínú abọ́ omi. Bí gbòǹgbò wẹ́wẹ́ bá ti tán, tí èyí tó kù sì funfun, ìdin ló jẹ ẹ́. Bí gbòǹgbò bá ti dúdú, tí awọ rẹ̀ ń bọ́ tí ẹ bá fọwọ́ fà á, àrùn ni. Èyí tó bá ti ṣubú, ẹ yọ òun àti ilẹ̀ ìdí rẹ̀ kúrò, ẹ má dà á sínú ilẹ̀dú yín.

Ará Sàkété
Mo kí yín láti Benin. Oògùn kan wà tí mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ: Bti, ìyẹn Bacillus thuringiensis israelensis. Kòkòrò àrùn kan tí wọ́n rí ní aṣálẹ̀ Negev ní Ísírẹ́lì ní 1976 ni. Ìdin ẹ̀fọn, ìdin eṣinṣin dúdú etí odò àti ìdin èyí tí ẹ ń sọ yìí ló ń pa. Kì í pa oyin, kì í pa ẹja. Ní Benin àti Togo, ó wà lára ohun tí wọ́n fi hẹlikópítà dà sínú odò nígbà ìgbógunti àrùn tó ń fọ́ni lójú létí odò, ètò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1974 tó sì parí ní 2002.

Bí ẹ bá rí i rà, ẹ ka ara ike rẹ̀ dáadáa. Israelensis ni kó wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ kurstaki sí, ti ìdin labalábá tó ń jẹ ewé ni, kò lè ṣe nǹkan kan fún yín. Ẹ pò ó mọ́ omi tí ẹ fi ń bomi rin, kí ẹ máa tún un ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí kì í pẹ́ nínú ilẹ̀.

Ẹni tí kò bá rí i, kó wá èso dongoyárò. Ẹ gún kóró inú rẹ̀, giramu 50 sí lítà omi kan, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ dà á sí ilẹ̀. Kì í pa wọ́n lójú ẹsẹ̀. Ìdin ni kì í jẹ́ kó bọ́ awọ dàgbà.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ (Ìbàdàn)
Dongoyárò wà lẹ́yìn ilé wa gan-an. Ilẹ̀ tó ṣẹ́kù tí mo ti pò sílẹ̀ ńkọ́? Ó pọ̀. Ṣé kí n dà á nù ni?

Olólú Ìjẹ̀bú
Ẹ má dà á nù. Ẹ wá ìlàjì dúrọ́ọ̀mù. Ẹ to òkúta sí ìsàlẹ̀, ẹ bu omi díẹ̀ sí i, ẹ gbé páànù tí ẹ ti lu ní ihò lé òkúta lórí, ẹ tẹ́ àpò sí i, kí ẹ wá kó ilẹ̀ lé e. Kí ilẹ̀ náà tutù díẹ̀, kó má rin gbingbin. Ẹ bò ó, ẹ dáná sábẹ́ rẹ̀. Ooru omi ló máa sè é. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti gbóná dé 82°C fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹyin, ìdin àti àrùn yẹn ti kú. Ẹni tí kò ní ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru, kó ri pòtétò kékeré kan sí àárín ilẹ̀. Nígbà tó bá jinná, ilẹ̀ náà ti jinná. Ẹ má sè é jù, pàápàá bí ìgbẹ́ adìẹ ṣe wà nínú rẹ̀, torí ó lè di májèlé fún ọmọ ata.

Lẹ́yìn náà, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú àpò tí ẹ dì lẹ́nu. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ gbayawu nínú òjò, wọ́n á padà.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ (Ìbàdàn)
Mo fọ gbòǹgbò ata méjì wò. Ó funfun, ṣùgbọ́n wẹ́wẹ́ rẹ̀ ti tán. Ìdin ló jẹ wọ́n, àrùn náà ò tíì dé ọ̀dọ̀ ata, tòmátì nìkan ló mú. Lónìí ni mo ti gbé ata lọ sí iwájú ilé tí oòrùn ti ń ràn tí òrùlé sì bo òjò. Yanrìn ti wà lórí wọn. Dongoyárò ń bẹ nínú omi.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kòkòrò (Ifẹ̀)
Ó dára bẹ́ẹ̀, mà. Ẹ tún gé pòtétò sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí a lè mọ̀ bóyá ìdin ṣì wà.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Tí ẹ bá lè pa díẹ̀ mọ́ fún mi, inú mi á dùn, torí irú rẹ̀ gan-an kò ṣeé mọ̀ láti inú fọ́tò. Abẹ́ máíkírósíkóòpù la ti ń wo ìdí akọ rẹ̀ kí a tó lè sọ. Ẹ mú èyí tí ẹ bá rí, akọ àti abo, ẹ fi sínú ìgò oògùn kékeré pẹ̀lú sípíríìtì tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn. Ẹ gé ìwé pélébé kan sínú ìgò náà, kí ẹ kọ àdúgbò, ọjọ́ tí ẹ mú un àti ohun tó wà nínú ọ̀rá yẹn sí i. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́ o, torí báírò máa ń ṣí nínú sípíríìtì.